Àtẹ́lẹwọ́ Ìyá Mi Lábẹ́ Ọkàn Àlejò

Ẹ̀yin ará Agric ní Ìkòròdú, ẹ̀yin tí a jọ ń jí ní kùtùkùtù lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó, gbogbo yín lẹ ti bi mí pé báwo ni Íńdíà ṣe rí. Bí mo bá sì la ẹnu báyìí, ẹnìkan á ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu: "Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n yọ ọkàn yín?" Lóòótọ́ ni. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n sì fi ti ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ fìdí mọ́lẹ̀, kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹnu mi lè sinmi.

Ejìnrìn, kí n tó lọ

Ejìnrìn ni wọ́n bí mi sí, létí ọ̀sà, lápá Ẹ̀pẹ́. Ìyá mi ṣì wà níbẹ̀, ẹní ló ń hun. Láti kékeré ni èmi àti òun ti ní ìkíni kan tí n kò rí nílé ẹlòmíràn. Bí mo bá ti dé, tí mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kíá ló máa ki àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bọ abẹ́ àyà mi, láàárín èmi àti ẹní. Ọmọ tó máa ń ṣàárẹ̀ ni mí nígbà náà, ilẹ̀ sì tutù. Bóyá ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Á wá máa ki mí: "Àkànní, ọmọ onílé etí ọ̀sà, ọmọ a-wakọ̀-lójú-ìjì-má-rì." Kò ní dákẹ́ títí ọkàn mi á fi máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún sí i lọ́wọ́. Nígbà náà ló máa rẹ́rìn-ín, á ní, "Ó ti gbọ́ mi. Dìde." Mo di bàbá ọlọ́mọ, mo ń fi táì wọ ọkọ̀, síbẹ̀ n kò dìde lórí ẹní yẹn rí kó tó sọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan mo dé, ó ki mí títí, ó pẹ́ kó tó rẹ́rìn-ín. "Àkànní, ọkàn rẹ ń kọsẹ̀," ló wí.

Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ọ̀nà Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́ ló kún fún kòtò, ọkàn tó bá gba ibẹ̀ kọjá gbọ́dọ̀ kọsẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ sígbà náà tí n kò fi lè rìn láti bọ́sítọ́ọ̀pù Agric dé ilé mi láìdúró. Ẹsẹ̀ mi wú. Mo ń fi ìjókòó sùn nítorí bí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀, èémí kì í tó. Àwọn dókítà wò mí, wọ́n ní ọkàn náà ti gbó, òògùn kò lè tún un ṣe mọ́, àfi kí wọ́n wá òmíràn, iṣẹ́ yẹn kò sì sí nílé wa. Bí ọ̀rọ̀ Íńdíà ṣe dé nìyẹn.

Mo lọ dágbére fún ìyá mi. Mo rò pé á bèèrè bóyá yóò dùn mí, tàbí bóyá n óò padà. Kò bèèrè ìkankan. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ń ya koríko ẹní sọ́tọ̀, ó ní, "Èyí tí wọ́n fẹ́ fi síbẹ̀ yẹn, ṣé á mọ̀ mí?"

Mo ní, "Màámi, ọkàn kì í mọ ènìyàn. Ẹran lásán ni."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo òpè, ó sì padà sídìí koríko rẹ̀. Ìbéèrè yẹn bá mi wọ bàálù o. N kò lè sọ ọ́ nù.

Ìlú tí wọ́n ti ń mi orí

Chennai ni orúkọ ìlú náà, ìlú etí òkun. Ooru ibẹ̀ fi ti Èkó ṣeré. Èmi àti ìyàwó mi la jọ lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, Ìyá Dúpẹ́. Bí a ti jáde ní pápákọ̀ òfurufú, òórùn òdòdó ló kọ́kọ́ pàdé wa, nítorí àwọn obìnrin ibẹ̀ a máa fi òdòdó funfun sínú irun, àgbà àti ọmọdé. Ìyá Dúpẹ́ ní ìlú tí obìnrin ti ń fi òdòdó sórí lọ sọ́jà kò ní pa wá lára. Ara tù mí díẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá pọ̀ níbẹ̀ ju ti Gáréèjì Ìkòròdú lọ. A nàka sí ọ̀kan, a bèèrè bóyá ó mọ ilé ìwòsàn náà. Ó mi orí sọ́tùn-ún sósì. Ó dáa, kò mọ̀ ọ́n. A lọ bá èkejì, òun náà mi orí. Ẹ̀kẹta tún mi orí. Ni inú bá bí mi! Mo ní irú ìlú wo nìyí tí awakọ̀ kì í ti í mọ ilé ìwòsàn? Àṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni" níbẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró, wọ́n ń dúró dè wá kí a wọlé, wọ́n sì ń wo bí mo ṣe ń bínú.

Opó kan ló gbà wá sílé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn náà. Màmá Kamala là ń pè é, ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì àti ọwọ́ la sì fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹja, ẹyin gan-an kì í wọ ilé rẹ̀. Kó o tó wọlé o ti bọ́ bàtà. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń bu oúnjẹ sí, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́. Ìyẹn dùn mọ́ mi, mo ní àwọn wọ̀nyí gbẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ìrẹsì láàárọ̀, ìrẹsì lọ́sàn-án, ìrẹsì lálẹ́! Wọ́n lọ ìrẹsì, wọ́n sè é bíi mọ́ínmọ́ín funfun. Wọ́n tún lọ ọ́, wọ́n dín in pẹlẹbẹ. Ọ̀nà ọ̀fun mi ń ké pe ẹ̀bà.

Ìyá Dúpẹ́ ti di ẹja gbígbẹ Ẹ̀pẹ́ sáàárín aṣọ wá. Lọ́jọ́ kan ó sè é. Ẹ̀yin ará mi, òórùn ẹja yẹn gba ilé kan! Màmá Kamala fi etí aṣọ bo imú. Kò bú wa. Ó kàn ń tan tùràrí láti yàrá dé yàrá, ó ń ṣe kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kò tilẹ̀ wo ojú wa. Ojú tì wá ju kó bú wa lọ. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé àlejò ni mí. Nílé, èmi ni mo máa ń fàyè gba ènìyàn. Níbẹ̀, èmi ni wọ́n ń fàyè gbà.

Ọkàn tí kò gbọ́

A dúró títí. Ẹ má bi mí bó ṣe pẹ́ tó. Ohun tó burú nínú ìdúró náà ni pé mo mọ ohun tí mò ń dúró dè. Kí ọkàn tó lè dé ọ̀dọ̀ mi, ẹnìkan gbọ́dọ̀ kú. Màmá Kamala ní kí n bá òun lọ gbàdúrà, mo ní kí ni kí n tọrọ? Ó mi orí, ó lọ nìkan.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ni ọkàn tó wá dé, jàǹbá ọkọ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí i, àwọn ẹbí rẹ̀ sì yọ̀ǹda. Ìwọ̀nba tí wọ́n sọ fún wa nìyẹn. Orúkọ rẹ̀, wọn kò sọ ọ́. Òfin wọn ni.

Nígbà tí mo jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni ìlù kan nínú àyà mi tó ń sáré. Ẹsẹ̀ mi móoru, ìyẹn kò ṣẹlẹ̀ sí mi láti ìgbà pípẹ́. Mo sùn jẹ́jẹ́ sórí ibùsùn, ọkàn ń lọ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ìyá Dúpẹ́ wọlé pẹ̀lú ìbòmú, ojú rẹ̀ nìkan ni mo rí, ó ti wú fún ẹkún. Mo sunkún nígbà tí mo rí i. Ayọ̀ kún orí mi, ó kún ojú mi. Ṣùgbọ́n ọkàn náà kò yí ìrìn rẹ̀ padà. Kò yára sí i, kò fà sẹ́yìn. Ó kàn ń bá tirẹ̀ lọ bí ẹni tí kò mọ̀ pé ẹnìkan wọlé. Ẹ̀rù bà mí. Kódà ẹ̀rù náà, kò gbọ́ ọ.

Mo sọ fún dókítà. Àgbàlagbà ni, ó máa ń fara balẹ̀. Ó fa àga sún mọ́ mi.

"Nígbà tí a gé ti àtijọ́ kúrò," ó ní, "a gé àwọn iṣan tín-ín-rín tí ọpọlọ rẹ fi ń ránṣẹ́ sí i. A lè rán òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Àwọn iṣan yẹn, ọwọ́ wa kò ká wọn. Ọkàn tuntun yìí mọ bí a ti ń lù fúnra rẹ̀, kò nílò ẹni tó máa kọ́ ọ. Àmọ́ kò gbọ́ ohùn rẹ."

"Tí mo bá wá ń sá fún kìnnìún ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Oje kan wà tí ara máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà ìbẹ̀rù tàbí ayọ̀. Òun ló máa jíṣẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló fi ń rìn, á pẹ́ kó tó dé. Nítorí náà, má fò dìde lójijì, òòyì á kọ́ ọ. Kó o tó rìn, kọ́kọ́ na ẹsẹ̀, na apá. Jẹ́ kí ọkàn gbọ́ pé ìrìn ń bọ̀."

Mo bi í pé ṣé bí yóò ṣe máa wà nìyẹn títí ayé. Ó ní lára àwọn kan, iṣan náà a máa hù padà díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lára àwọn mìíràn, kì í hù rárá. "Tèmi ńkọ́?" Ó mi orí sọ́tùn-ún sósì lọ́nà tiwọn yẹn. Mo ti gbé ìlú wọn pẹ́ tó láti mọ̀ pé èyí kì í ṣe "bẹ́ẹ̀ ni," kì í sì í ṣe "bẹ́ẹ̀ kọ́."

Nígbà tí a padà sílé Màmá Kamala, oúnjẹ kò wọ̀ mí lẹ́nu. Mo gbẹ bí igi. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ló bá pe Ìyá Dúpẹ́ sẹ́yìn ilé. Ó ti fi bíríkì mẹ́ta gbé ààrò kékeré kalẹ̀ níbẹ̀, ó ti ra ìkòkò kan sọ́tọ̀. Ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe: ẹja yín yẹn, èyí tó ń rùn yẹn, ẹ lọ sè é fún un. Ó wá fi aṣọ bo imú, ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà títí mo fi jẹun tán. Mo sunkún sínú ọbẹ̀ yẹn. Ẹni tí kò bá ì tíì jẹ oúnjẹ tí onílé kò fẹ́ràn òórùn rẹ̀, kò ì tíì mọ ohun tí àánú ń jẹ́.

Gáréèjì

Àjò kò dùn kí onílé má relé. A padà dé. Ní Gáréèjì Ìkòròdú, ọ̀kadà kan já jáde lẹ́yìn bọ́ọ̀sì, ó kù díẹ̀ kó gbá mi. Gbogbo ènìyàn ké "Yéè!" Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ju báàgì sílẹ̀, ó di àyà mú. Èmi dúró gbọn-in. Agbèrò kan wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Bàbá, àyà yín ò já rárá! Ẹ̀yin gan-an lọkùnrin!"

Mo tún ìbòmú mi ṣe, mo wọkọ̀ bí akọni. A fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Agric, mo jókòó jẹ́jẹ́, ẹnìkan ń ta búrẹ́dì lójú fèrèsé, ni ọkàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kìjikìji. Ìbẹ̀rù tó yẹ kó bá mi ní Gáréèjì, inú bọ́ọ̀sì ló ti bá mi. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹni tó jókòó tì mí fi sún kúrò.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé kì í pẹ́ kí inú tó bí mi. Ìyẹn náà yí padà. Bí mo bá jágbe mọ́ Ìyá Dúpẹ́ báyìí, á gbé àga, á jókòó. "Bàbá Dúpẹ́, ọkàn yín kò ì tíì gbọ́ ìjà yìí. Ẹ jẹ́ kí a dúró dè é." Kó tó gbọ́, a ti parí rẹ̀.

Àlejò nílé ìyá mi

N kò sáré lọ sí Ejìnrìn. Mo ní kí egbò jinná dáadáa. Irọ́ ni, ìbéèrè ìyá mi ni mò ń sá fún.

Nígbà tí a dé, ó ti tẹ́ ẹní tuntun sílẹ̀, èyí tó hun nígbà tí mo wà lájò. Ó ti gbó sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n díẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ki àtẹ́lẹwọ́ bọ abẹ́ àyà mi. Ó bẹ̀rẹ̀: "Àkànní, ọmọ onílé etí ọ̀sà..." Ó ki mí dé ìdí baba mi, ó ki mí dé ìdí tirẹ̀. Omi ń bọ́ lójú mi sórí ẹní, mo sì ń bẹ ọkàn yẹn nínú mi pé jọ̀ọ́, jọ̀ọ́, ṣe nǹkan kan. Ó ń sáré tirẹ̀ lọ.

Ìyá mi dákẹ́. Ó yọ ọwọ́.

"Ó ń sáré," ó ní, "ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí mi. Dìde."

Kò rẹ́rìn-ín. Láyé mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa dìde láìgbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Ó dùn mí ju ọ̀bẹ dókítà lọ.

Bí a ti ń jẹun, ni ọkàn bá gbéra. Ayọ̀ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dé! Mo yára fa ọwọ́ ìyá mi lé àyà: "Màámi, ẹ gbọ́ ọ, ó ti ń yára, ẹ̀yin ló ń yọ̀ mọ́!"

"Ata ni," ó ní. "Jẹ ẹja rẹ."

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó ní, "Ta ló bí i?"

Mo sọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀ fún un.

"Ṣé ẹ kí ìyá rẹ̀?"

"Wọn kò jẹ́ kí a mọ̀ ọ́n, Màámi."

"Orúkọ ọmọ náà ńkọ́?"

"A kò mọ̀."

Ó ju oúnjẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ ẹ̀ rí i! Ẹ gbé ọmọ ọlọ́mọ wá láti ìlú òkèèrè, ẹ kò bèèrè orúkọ rẹ̀. Èmi wá ń pariwo Àkànní, Àkànní, ẹlòmíràn ló jókòó sínú ilé. Ṣé ìwọ á dáhùn bí wọ́n bá ń fi orúkọ ẹlòmíràn pè ọ́?"

Mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ iṣan fún un. Ìyá Dúpẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

Ìyá mi nu ọwọ́, ó gbé e lé àyà mi, kò wo ojú mi rárá. Ó ní, "Àjàní ni n óò máa pè ọ́, nítorí wọ́n jà kí wọ́n tó ní ọ. Àlejò kì í mọ ilé lọ́jọ́ kan. Káàbọ̀. Má bínú sí wa." Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ yí padà. "Ìyá kan ń sunkún níbì kan kí èmi lè rí ọmọ tèmi. Kí n tó kú, Àjàní á mọ̀ mí."

Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n mo jowú. Èmi lọmọ, ẹlòmíràn ló ń kí káàbọ̀.

Ọwọ́ náà

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti dé Ejìnrìn, Àjàní ló ń kọ́kọ́ kí. Á sọ fún un bí ọ̀sà ṣe rí, ẹni tó bímọ, ẹni tó kú. Á ki Àkànní, á ki Àjàní, á dúró, á yọ ọwọ́. "Kò burú. Dìde." Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n sí i. Ó dé ibi tí kò lè hun ẹní mọ́, tó kàn ń fọwọ́ pa àwọn tó ti hun. Mo ń wò ó, mo sì ń rántí dókítà tó mi orí. Mo ní bí iṣan yìí yóò bá hù, kó tètè hù, nítorí ẹni tó ń dúró dè é kò ní àkókò púpọ̀ lọ́wọ́. Nígbà tó yá, mo jáwọ́ nínú ìrètí. Mo ń lọ kí i nítorí pé ìyá mi ni.

Ọ̀sán kan la dé. Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ tutù. Orí ibùsùn ló wà, kò dìde mọ́ fúnra rẹ̀. Ìyá Dúpẹ́ gbé e jókòó sórí àpótí. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó pẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó rí ọ̀nà wọ abẹ́ àyà mi. Ó fẹ́lẹ́, ó tutù. Kò ì tíì la ẹnu. Kò ì tíì pe ẹnikẹ́ni.

Ọkàn náà ta. Pọ́n-ún.

Mo mí sínú. Ó tún ta, ó yára, ó yára sí i, àní bí ọwọ́ náà ṣe dé ibẹ̀ gan-an. Bóyá ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ tí n kò kíyè sí i, n kò mọ̀. Mo gbé orí sókè. Ìyá mi ti di ojú rẹ̀.

"Hẹ̀n-ẹ́n," ó ní. Ó wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n kò gbọ́ láti ìgbà tí mo ti lọ. "Àjàní. O ti mọ̀ mí."

Mo sunkún bí ọmọdé. Ó fi ọwọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, kò yọ ọ́. Ìyá Dúpẹ́ ní, "Màámi, ọwọ́ yín á kú." Ohun tó sọ ni pé, "Ìyàwó mi, fóònù rẹ yẹn, ṣé ó lè dé Íńdíà?"

A kò mọ ìyá ọmọ náà, a kò sì lè mọ̀ ọ́n láé. Màmá Kamala nìkan la ní. Òun ni Ìyá Dúpẹ́ pè, ó gbé fóònù sí ìyá mi létí. Ìyá mi fi ohùn àgbà pariwo bí ẹni tó ń pe ará òdìkejì ọ̀sà: "Ẹ kú ilé o, Ìyá! Ẹ bá wa sọ fún ìyá rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ti mọ ilé o! Ó ti mọ ilé!" Màmá Kamala kò gbọ́ Yorùbá. A gbọ́ ohùn rẹ̀ níbẹ̀, ó ń sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ ní èdè tiwọn, ìyá mi sì ń dá a lóhùn: "Bẹ́ẹ̀ ni o. Bẹ́ẹ̀ ni o, ẹ ṣeun."

Nígbà tí Ìyá Dúpẹ́ gbé fóònù kúrò létí rẹ̀ ló tó rántí pé mo ṣì wà lórí ẹní. Ó fi ìka gbá mi lábẹ́ àyà pẹ́lẹ́.

"Ó tó," ó ní. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dìde."